Ìlà Mọ́kànlá ti Teng Chih-ang

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa ní Keelung, Kan Yi-chun lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún, kò lọ́kọ, kò bímọ. Bó bá ti ra wàrà sóyà láàárọ̀, ó di inú yàrá. A rò pé kò níṣẹ́ ni. A ò mọ̀ pé òun nìkan ló ti ń tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà kan láti ọdún mẹ́tàlá, èyí tó ń ka ìwé sétí àwọn afọ́jú. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni ló lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó sì fi àtúnṣe ránṣẹ́.

Lọ́dún kan, ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ohùn pè. Lédè wa, ohùn nìkan ló ya ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "rà" àti èyí tó túmọ̀ sí "tà" sọ́tọ̀, ètò náà sì ń pe ọ̀kan ní èkejì. Ni Pyo Seung-jae, ọmọkùnrin kan ní Busan, bá fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n Yi-chun rí i pé ìlà mọ́kànlá nínú rẹ̀ kò jọ ọwọ́ ọmọ náà.

Ó kọ̀wé sí i: "Àbúrò, níbo lo ti rí ibí yìí?"

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ti mọ̀ ná."

Yi-chun ti wá a rí pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Teng Chih-ang ló kọ ọ́, kò sì kọ ìwé àṣẹ kankan tì í tó ní kí ẹlòmíì lò ó. Ohun tí olóhun ò bá yọ̀ǹda, ti olóhun ni, bó tilẹ̀ gbé e sí gbangba. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Yi-chun kọ̀wé sí i, kò rí èsì. Àwọn tó ń lo ètò náà ń pariwo, "Ẹ ṣáà fi sí i!" Ó kọ̀. Níkẹyìn ó rí nọ́ńbà fóònù ilé ọkùnrin náà ní ìlú Tainan, ó pè é. Ìyá arúgbó kan ló gbé e.

"Chih-ang ńkọ́, Màmá?"

"Ọmọ mi ti kú. Ó di ọdún mẹ́ta."

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀. Màmá Teng mú un wọ yàrá Chih-ang, aṣọ ni wọ́n ṣì fi bo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Yi-chun ṣàlàyé fún un pé ìyá tó jogún ọmọ ló lè fọwọ́ sí àṣẹ náà.

"Géèmù ni mo rò pé ó ń ta," ni ìyá náà wí. "Mo máa ń bú u ni. Mo ní, o ò lọ́rẹ̀ẹ́, o kì í jáde. Kì í dá mi lóhùn."

Ohun tí ìyá Yi-chun náà sọ fún un títí tó fi kú nìyẹn.

"Ìlà mọ́kànlá péré?" ni Màmá Teng bi í.

"Mọ́kànlá ni, Màmá. Mo gbìyànjú láti kọ tèmi, kò dáa tó tirẹ̀."

"Kà á fún mi."

Ó kà á. Kò sí ohun tó yé ìyá náà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́tí títí Yi-chun fi parí.

"Tún un kà."

Lẹ́yìn náà ó fi òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀, tí à ń lò dípò ìfọwọ́sí, lu ìwé àṣẹ.

"Jẹun kóo tó lọ. Abọ́ méjì ni mo ṣì máa ń gbé sílẹ̀."

Wọ́n jọ jẹ ìrẹsì tó ṣàn bí ògì àti ẹja. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àtúnṣe náà wọnú ètò náà, pẹ̀lú orúkọ Chih-ang lára àwọn tó kọ ọ́. Ariwo dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé dúpẹ́.

Yi-chun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ tí òjò há wa mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ ṣì ń bá ìyá náà sọ̀rọ̀?"

"Mo pè é lẹ́ẹ̀kan. A ò mọ ohun tá a máa sọ."

Òjò dá, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.