Ìyá mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé búréèkì kúrò lẹ́yìn

Ẹ wá wò ó o, díẹ̀ ló kù kí ìyá mi bá atúnkẹ̀kẹ́ṣe jà l'Óṣogbo lónìí!

Kẹ̀kẹ́ ológeere elẹ́ni méjì tí bàbá mi fi sílẹ̀ la gbé lọ bá a. Látìgbà tí wọ́n ti jáde láyé, ara ògiri ló wà. Mo ní kó pààrọ̀ búréèkì rẹ̀ tó wà níbi ìjókòó ẹ̀yìn sí tuntun, kí èmi àti màámi lè máa gùn ún.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹni ẹ̀yìn ló ń tẹ búréèkì? Ẹni iwájú mà ló ń rí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ n gbé e síwájú."

Màámi fò dìde. "Má fọwọ́ kàn án! Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè ní Iléṣà, ọkọ mi á kàn pariwo pé, 'Àdùkẹ́, dì í mú!' Màá sì dì í mú."

Ló bá fi tuntun kan síwájú, ó fi òmíràn sẹ́yìn fún màámi.

A gùn ún lọ sílé. Nígbà tá a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní Ọ̀fàtẹ̀dó, mo kígbe, "Màámi, ẹ dì í mú!"

Wọn ò dì í mú. Mo sáré tẹ ti iwájú.

"Màámi, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́," wọ́n dáhùn jẹ́jẹ́. "Mo ń dúró kí bàbá ẹ pe Àdùkẹ́ ni."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ dá mi lóhùn: ṣé ọmọ lè pe ìyá ẹ̀ ní Àdùkẹ́?