Lọ́rì Tí Ọwọ́ Kan Ń Wà

Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Inú ọkọ̀ náà ni mo wà lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà gan-an ni mo jókòó sí, ọwọ́ mi sì wà lórí sìtíárìn nígbà tí a kọlu igi. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ní Kàbà tó bá ń sọ pé páńpù tí mo dè ni kò dára, kò sí níbẹ̀. Ilé rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń jẹ ẹ̀wà.

Ìwé kejì ni mo kà tí bàbá mi fi ní kí n máa bọ̀ lóko, n kò sì padà sílé ìwé mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wí yìí, ní àwọn ọdún díẹ̀ tó ṣáájú òmìnira, kò sí ọkọ̀ tó ń gba Lọ́kọ́ja kọjá sí Ìsánlú tí n kò lè tú palẹ̀ kí n sì tò ó padà. Àgọ́ àwọn òyìnbó tó ń la títì ni mo ti kọ́ṣẹ́. Àwa tí a jọ kọ́ ọ pọ̀. Kí ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí ọ̀gá máa ń pè bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Èmi ni.

Nígbà tí àwọn òyìnbó yẹn parí títì, wọ́n ta ẹrù wọn. Alájì kan ní Kàbà tó ń ṣòwò kọfí àti kòkó ló ra lọ́rì tó tóbi jù níbẹ̀. Kì í ṣe lọ́rì onípákó tí gbogbo ayé mọ̀. Iwájú rẹ̀ ga, ó wúwo, ó sì ní ohun kan tí lọ́rì mìíràn lágbègbè wa kò ní. Páńpù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tí bẹ́líìtì ń yí. Páńpù náà ń ti ọ́ìlì gba inú páìpù rọ́bà lọ sídìí sìtíárìn, ọ́ìlì yẹn ni yóò sì bá dírẹ́bà yí táyà. Lọ́rì yòókù, bí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ yí i ní kọ́nà, ẹ ó dìde lórí ìjókòó ni, ẹ ó fi àyà tì í. Èyí, ọwọ́ kan ti tó o. Ọwọ́-Kan-Tó náà ni àwọn èrò sọ ọ́.

Ohun tó mú dírẹ́bà rẹ̀ dé ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ará Ìsánlú ni, ó jù mí lọ dáadáa, bàbá ni mo ń pè é. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ó ń fi irin wáìn lọ́rì kan láàárọ̀ ọjọ́ kan kó lè tan, ẹ́ńjìnnì ta irin náà padà, irin sì ṣẹ́ ẹ lápá. Àwọn tó ń to eegun tò ó, ó jinná, àmọ́ wíwọ́ ló jinná. Ó lè fi í yí gíà nítorí pé ìsàlẹ̀ ni gíà wà, ṣùgbọ́n kò lè gbé e ga ju àyà lọ, kò sì lè fi ti nǹkan tó le. Òrí ni wọ́n fi ń ra apá náà fún un, kò sì fi òrí sílẹ̀ láti ìgbà náà. Bí ẹ bá jókòó tì í, òórùn òrí ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Kò sẹ́ni tó fún un lọ́kọ̀ wà mọ́. Ó ń bá àbúrò rẹ̀ kọ ebè, tòun ti ọwọ́ kan, títí ó fi gbọ́ nípa ọkọ̀ Alájì. Ó wá, ó gorí rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún yí i po ní pápá lẹ́ẹ̀mejì lójú Alájì. Alájì gbà á síṣẹ́.

Ó wà á pẹ́ kí páńpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ní kọ́nà nìkan ló ti ń ké tẹ́lẹ̀, nígbà tó yá ó ń ké níbi gbogbo, bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Páìpù rọ́bà méjèèjì ti gbẹ, wọ́n ti là, ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ níbikíbi tí ọkọ̀ bá dúró sí. Ní òkè Ògìdì, kò lè yí i tán ní kọ́nà kan, ó ní láti fà sẹ́yìn kó tó rí i yí. Àwọn èrò sọ fún Alájì. Alájì wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò tí mo ti ń ṣiṣẹ́, dírẹ́bà wa ọkọ̀ náà tẹ̀ lé e.

"Okun o," ni Alájì kí mi.

"Okun, Alájì. Ẹ kú oòrùn."

"Tú ohun tó ń ké yẹn dànù fún mi. Kí sìtíárìn rẹ̀ máa ṣe bí ti gbogbo ayé."

"Yóò le ju ti gbogbo ayé lọ, Alájì. Ẹ wo bí iwájú rẹ̀ ṣe wúwo tó."

"Àwọn ọmọkùnrin tó ń jẹ iyán yó pọ̀ nílùú yìí. Wọn yóò wà á."

Dírẹ́bà dúró ti táyà, ó ń wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí Alájì sọ. Bí páńpù bá kúrò, òun náà kúrò nìyẹn, oko ebè ló sì ń padà sí.

Mo ní, "Ẹ ra páńpù tuntun pẹ̀lú páìpù méjì. Bí mo bá dè é tó tún ké, kí ẹ máa pè mí ní alágbẹ̀dẹ."

"Alágbẹ̀dẹ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe," ni Alájì wí. "Ìwọ ni n kò tíì mọ̀." Ó ronú díẹ̀. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìkẹyìn rẹ̀ nìyí. Bí lọ́rì yìí bá tún tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi, ì báà jẹ́ omi, ẹni tó lọ́wọ́ méjì ni n ó gbé e fún."

Èmi ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń bá wí.

Kàdúná ni páńpù náà ti wá, nínú àpótí pákó, pẹ̀lú agolo ọ́ìlì tirẹ̀. Páìpù kan ṣoṣo ló bá a wá, èyí tí ọ́ìlì ń gbà jáde pẹ̀lú agbára. Èyí tó ń dá ọ́ìlì padà kò sí, wọ́n ní kò sí lọ́jà. Alájì kò dúró de ìkejì, nítorí pé kọfí ti kún ilé àwọn àgbẹ̀.

Mo tú bẹ́líìtì, mo gbé bàsíà sábẹ́, mo jẹ́ kí ọ́ìlì àtijọ́ ṣàn tán. Ó dúdú bí aró, ẹ̀rún irin sì ń tàn nínú rẹ̀. Nígbà tí mo la páńpù náà, mo rí i pé inú rẹ̀ ti ha, èékánná mi ń wọlé síbi tó ha. Nọ́ọ̀tì páìpù ti dípẹtà. Ẹni tí kò mọṣẹ́ yóò fi agbára tú u, yóò sì lọ́ irin ìdí rẹ̀ pọ̀. Èmi rọ kẹrosín sí i, mo lọ jẹun, mo sùn, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó tú bí ìdérí ìgò. Mo fọ àgbá kékeré tó ń gba ọ́ìlì dúró, mo fi aṣọ mímọ́ nù ún, mo de páńpù tuntun, mo de páìpù tuntun. Ní ti páìpù àtijọ́ tó kù, mo gé ibi tó là kúrò, mo tì í bọ irin, mo fi wáyà dì í lẹ́ẹ̀mejì. Ọ́ìlì tó ń padà kò lágbára, ó kàn ń ṣàn ni. Mo sọ fún Alájì àti dírẹ́bà pé rọ́bà náà ti gbó, yóò máa làágùn díẹ̀díẹ̀. N kò fi pamọ́.

Lẹ́yìn náà ni a fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, a ki ìtì igi bọ abẹ́ rẹ̀. Mo ní kí bàbá máa yí sìtíárìn láti òpin kan dé òpin kejì, kí atẹ́gùn inú páìpù lè jáde. Ọ́ìlì ń hó nínú àgbá bí ògì tó wà lórí iná. Mo ń bù ú kún un, ó ń yí i, títí híhó náà fi dákẹ́. Nígbà tí a sọ táyà kalẹ̀ tí a tan ẹ́ńjìnnì, páńpù kò ké rárá. Bàbá fi ìka kan yí sìtíárìn.

"Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ju ìyàwó mi lọ," ó wí.

"Ẹ má jẹ́ kí ìyá wa gbọ́."

"Ó ti mọ̀."

Mo gbé agolo ọ́ìlì tó ṣẹ́kù fún un. Mo ní kó máa wo inú àgbá láràárọ̀, bó bá ti lọ sílẹ̀, ọ́ìlì inú agolo yẹn ni kó dà sí i, kó má da òmíràn. Ó ní òun gbọ́.

Ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́. Bí mo bá bi í nípa ọ́ìlì, á ní kò sí wàhálà. N kò fura, nítorí pé mo mọ bí iṣẹ́ mi ṣe máa ń dára tó.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, mo bá a dé Ifẹ̀-Olúkòtún níbi tó ti fẹ́ kó kọfí, nítorí pé ẹ̀rọ ìlọgbàdo kan ń dúró dè mí lọ́nà Ìsánlú. A sùn síbẹ̀. Láàárọ̀, ọyẹ́ bo gbogbo ìlú, ẹ kò lè rí orí ọ̀pẹ. Àwọn alágbàrù méjì tó wà lórí àpò ti fi aṣọ bo ara wọn títí dé etí. Bàbá tan ọkọ̀, páńpù sì ké.

"Kí ló ń ké?" mo bi í.

"Òtútù ni. Bára rẹ̀ bá gbóná yóò dákẹ́."

Òórùn òrí wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n òórùn bàbá náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní í ro nǹkan mìíràn.

A jáde nílùú. Ọ̀nà dagẹ̀rẹ́ lọ sí odò kan tó ní afárá pákó, kọ́nà sì wà kí ẹ tó kan afárá. Bí a ṣe ń sún mọ́ kọ́nà náà, nǹkan bẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín ọ́ìlì sì yọ. Bàbá tẹ búréèkì, ẹrù sì ń tì wá. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti sìtíárìn, kò yí. Ó fi ọwọ́ òsì kún un, ọwọ́ náà já bọ́. Mo nawọ́, mo di sìtíárìn mú, mo fi ẹsẹ̀ ti iwájú ọkọ̀, mo fà á. Bí kì í bá ṣe agbára tí Ọlọ́run fún mi, odò ni à bá bọ́ sí. A yí i dé ìdajì, a fi afárá sílẹ̀, a kọlu igi ayùnrẹ́ kan létí omi. Àwọn àpò tó wà lókè já sódò, àwọn alágbàrù sì bọ́ sínú koríko. Ọ̀kan fẹsẹ̀ gbọgbẹ́. Kò sẹ́ni tó kú.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wáyà tí mo dì wà níbi tí mo dì í sí, kò yẹ̀. Rọ́bà àtijọ́ yẹn ló ya lókè wáyà. Mo ṣí àgbá kékeré. Ohun inú rẹ̀ funfun, ó dì bí ẹ̀kọ tútù, ó ti dí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà padà. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo gbóòórùn rẹ̀.

Bàbá ti jókòó sórí ebè kan.

"Bàbá, kí lẹ dà síbẹ̀?"

"Òrí. Ọ́ìlì rẹ ti tán tipẹ́. Mo ń yọ́ òrí lórí iná, mo ń dà á mọ́ èyí tó kù. Nínú oòrùn, kò ṣe nǹkan kan, ó ń ṣàn."

"Ẹ̀ bá sọ fún mi."

"Ìwọ náà ìbá sọ fún Alájì."

Òótọ́ ni. Irú ọ́ìlì yẹn kò sí lọ́wọ́ mi, Alájì nìkan ló lè rà á.

"Òrí yẹn náà ló mú oríkèé ọwọ́ mi rọ̀," ó wí. "N kò ronú nípa ọyẹ́."

Ní ọ̀sán, Alájì dé pẹ̀lú lọ́rì mìíràn. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó lọ ṣe àlùwàlá nínú odò tí kọfí rẹ̀ wà, ó kírun tán, ó wá wò mí.

"Alágbẹ̀dẹ."

N kò tíì lanu tí bàbá fi dìde. "Iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́ ló bàjẹ́. Òrí ni mo dà sí i, ọyẹ́ sì mú un dì."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ ní bó bá tún tọrọ nǹkan."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Alájì wí. Ó ti ìka bọ inú àgbá, ó fi ra àtẹ́lẹwọ́. "Òrí yìí dára. Ta ló tà á fún ọ?"

"Ìyàwó mi ló ṣe é."

Alájì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ èèpo igi, ó sì nà án sí bàbá pé kó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Bàbá fún un. Bàbá náà kí wa pé okun, ó dágbére, ó fi ẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Ìsánlú lọ.

Èmi ni Alájì ní kí n tú páńpù náà dànù, mo sì tú u. Ọmọkùnrin kan láti Ìjùmú ló ń wa ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìyẹn, ó ń fi àyà tì í. Alájì kò sọ ọ̀rọ̀ òrí fún ẹnikẹ́ni ní Kàbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúkọ mi ṣeré.

Ohun tó sọnù nìyí. Páńpù tuntun kan, inú rẹ̀ ti ha. Páìpù rọ́bà méjì. Iná iwájú kan. Àpò kọfí mẹ́sàn-án tí odò gbé lọ. Bàtà alágbàrù kan, ti ẹsẹ̀ òsì. Iṣẹ́ dírẹ́bà kan.