Bàtà Káfíńtà

Káfíńtà àdúgbò wa láàánú, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí nǹkan bá ṣe èèyàn, òun ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀. Àánú ọ̀hún gan-an ló ń bí mi nínú.

Bó ṣe ri àwọn adìyẹ rẹ̀ tó kú mọ́lẹ̀ tán ló wá kìlọ̀ fún mi pé àìsàn ń jà. Ó wọ ilé adìyẹ mi, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ara wọn le. Èmi náà ń dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ilé.

Kò pẹ́ tí tèmi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ọrùn wọn ń lọ́, ìgbẹ́ wọn sì di àwọ̀ ewé. Dókítà ẹran ní kò sí oògùn tó ń wò ó sàn, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀. Ó ní kí n ya àwọn tó ṣì ń jẹun sọ́tọ̀ kíákíá. Ó wá bi mí pé, "Mà, ta ló wọ ibí yìí láìpẹ́?"

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu.

Ibẹ̀ la wà tí Káfíńtà fi dé. "Ìyá Télọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo gbọ́ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín."

Mo dábùú ẹnu ọ̀nà. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè, kó wo abẹ́ bàtà rẹ̀.

Ó wò ó. "Ìgbẹ́ adìyẹ ni," ló wí. "Kì í ṣe tèmi. Ilé bíríkìlà ni mo ti ń bọ̀, tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sín láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n tètè wo tiyín, mo ṣì ní ilé mẹ́ta tí mo fẹ́ lọ kìlọ̀ fún."