Alimatou àti Ibà tó Ń Fi Kilorokíìnì Ṣẹ̀fẹ̀

Ní abúlé Alafiarou, láyé ìjọba Révolution tí gbogbo èèyàn di kamarádì tipátipá, Alimatou ló ń pín kilorokíìnì fọ́mọ tí ibà bá mú. Àwọn ìyá ò fẹ́ràn ẹ̀. Tó bá ti wọra, ara á máa yún ọmọ bí ẹni yí sínú yèrèpè. Wọ́n á fún un ní ìdajì, wọ́n á so ìyókù mọ́ etí ìró de ibà mìíràn.

Alimatou fòpin sí ìyẹn. Ojú ẹ̀ lọmọ á ti gbé e mì, á la ẹnu, á gbé ahọ́n sókè. Síbẹ̀, lọ́dún yẹn, tọ́sẹ̀ bá pé, ibà á tún dé.

Ọkùnrin kan wá láti Cotonou, Ọláyínká, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kó lè mọ̀ bóyá oògùn ṣì ń pa ibà. Níbi ìpàdé abúlé, Alidou, délégué tó ń ṣojú ìjọba níbẹ̀, fẹ ikùn, ó fi ohùn rédíò dáhùn:

"Kamarádì! Oògùn Révolution kì í kùnà! Àwọn obìnrin ló ń so ó métí ìró!"

"Irọ́!" Alimatou ló dìde.

"Kamarádì Alimatou, jókòó!"

"Ta ni kamarádì ẹ? Èmi tí mo gé ìwọ́ ẹ?" Ó fa ọmọ ọmọ ẹ̀ jáde. "Mounifatou rèé, ibà wà lára ẹ̀. Ẹ fún un lójú gbogbo abúlé. Kí délégué di ife omi mú."

Ọláyínká gbà: toògùn bá kùnà, ọkọ̀ òun á gbọ́mọ lọ gba abẹ́rẹ́ kìníìnì ní Parakou. Alidou ní tó bá ṣiṣẹ́, Alimatou ò ní pín oògùn mọ́ láé.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko tọ́mọ fi lo oògùn, Alidou ló di ife mú bí ẹni di àsíá mú, òun náà ló ń yẹ ẹnu ẹ̀ wò. Ibà lọ. Ló bá ń yan kiri. Láràárọ̀, Alimatou á fọwọ́ kan ọrùn ọmọ, kò sì mọ àdúrà tí ì bá gbà: kára ọmọ yá kóun dòpùrọ́, àbí kí ni?

Lọ́jọ́ keje, ara Mounifatou gbóná bí ìdí ìkòkò. Ọláyínká gún ìka ẹ̀, ó wo ẹ̀jẹ̀.

"Ibà ṣì kún inú ẹ̀."

Alidou ń làágùn. "Kọ ọ́ pé ó bì í dà nù."

"Ta ló di ife?" ni Alimatou bi í. "Ta ló yẹ ẹnu ẹ̀ wò? Àbí ìwọ náà so ó métí ṣòkòtò?"

Ẹ̀rín sọ. Ọláyínká kọ ọ́ sílẹ̀: kò ṣiṣẹ́.

Alimatou gbọ́mọ wọ ọkọ̀, ó wẹ̀yìn. "Ẹ̀yin tọ́mọ yín ń gbóná, kí lẹ̀ ń wò? Ẹ gbé e wá!"

Obìnrin mẹ́fà gbọ́mọ wọn rọ́ wọ ọkọ̀. Alidou na ìka sókè: "Kamarádì! Ọmọ kan la jọ sọ!"

"Ẹ tilẹ̀kùn," Alimatou sọ fún Ọláyínká, "ká máa lọ."