Ìbọ̀wọ́ Tí A Bọ́ Sílẹ̀ Níwájú Òkú Dèbórà

Ọdún tó tẹ̀lé òpin ogun abẹ́lé ni àrùn onígbáméjì gba ọ̀nà odò wọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Òjò kò tíì dá. Mo ti lo ọdún méje lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ni mí. Èmi ni mò ń da garawa ìgbọ̀nsẹ̀ nù, tí mò ń nu ilẹ̀, tí mò ń kó aṣọ ibùsùn fún àwọn alágbàfọ̀. Nítorí pé mo ka ìwé mẹ́fà tán ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà nísinsìnyí ni mò ń kọ èyí sí, ẹ̀yin tí ẹ ń fa ìbọ̀wọ́ yọ nínú páálí, tí ẹ ń lò ó lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì ń jù ú nù.

Láyé tiwa, a kì í ju ìbọ̀wọ́ nù. Bí dókítà àti nọ́ọ̀sì bá lò ó tán, a ó fọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sá a sórí okùn, a ó bu páúdà sí i. Èyí tó bá lu, a ó gé ara èyí tó ti gbó lẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́. Àwa tí à ń tún un ṣe, a kò ní ẹyọ kan. Epo pupa ni a fi ń pa ọwọ́ dé ìgúnpá kí a tó fọwọ́ kan garawa, epo tó dára láti Ìlútítun, nítorí gbogbo wa gbà pé epo a máa pa oró. Nígbà tí onígbáméjì dé, tí ibùsùn kún, tí àwọn aláìsàn ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, epo náà la ṣì ń pa.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ọmọ́wùmí ló là wá lójú. Ó ní epo kò lè pa kòkòrò àrùn yìí, pé omi gbígbóná, ọṣẹ, oògùn apakòkòrò àti ìbọ̀wọ́ ló lè gbà wá. Mo kọ lẹ́tà. Àwa mẹ́ta la mú un lọ bá ọ̀gá tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn: alága wa, Bàbá Súlè, tó ń wa ọkọ̀ aláìsàn, Dèbórà, alágbàfọ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà àti ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, àti èmi.

Ọ̀gá ka lẹ́tà náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fọwọ́ jẹun láti kékeré, ìgbà wo lẹ di ẹni tó ń wọ ìbọ̀wọ́?"

Dèbórà kò gbójú sókè. "Nítorí ọwọ́ tí a fi ń jẹun yẹn náà la ṣe wá, ọ̀gá."

Ẹ̀rín náà dá. Ọ̀gá ní kò sí ìbọ̀wọ́ ní ilé ìkẹ́rù, pé ẹni tí iṣẹ́ bá sú, kí ó lọ máa ṣa ẹyìn nínú oko ọ̀pẹ.

Ìyanṣẹ́lódì kò tún ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí gbogbo wa máa lọ sílé. Bàbá Súlè ní a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Àwọn aláìsàn kò ṣẹ̀ wá. A fẹnu kò pé a ó máa fún wọn lómi, a ó máa bọ́ wọn, ṣùgbọ́n a kò ní fọ aṣọ kan, a kò sì ní da garawa kan nù pẹ̀lú ọwọ́ lásán mọ́. A fi igi gbé àwọn garawa náà, a dé wọn, a tò wọ́n síwájú ọ́fíìsì ọ̀gá. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ewu ni èyí náà. Nígbà náà, a kò mọ ọ̀nà mìíràn tí òórùn wa lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ìgbẹ́ gbuuru mú Dèbórà. Ó ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ aṣọ àwọn aláìsàn nínú omi ọṣẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó yanṣẹ́ lódì. Ilẹ̀ wọ́ọ̀dù tí mo máa ń nù ni a tẹ́ ẹ sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, dókítà dé láti Ìrẹ̀lẹ̀, níbi tó ti lọ tọ́jú àwọn èèyàn. Ó rí garawa, ó béèrè kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù. Páálí ìbọ̀wọ́ wà nínú rẹ̀ tí a kò tíì tú. Ọ̀gá ní òun ń fi wọ́n pamọ́ de àwọn aláyẹ̀wò láti Ìbàdàn ni. Wọ́n pín in fún wa lọ́jọ́ náà, méjì méjì. Mo lọ fi tèmi han Dèbórà. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ṣùgbọ́n ó rí i. Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ọmọ́wùmí ní a kò gbọ́dọ̀ wẹ òkú náà, pé kí a fi aṣọ tí a rẹ sínú oògùn wé e, kí a sin ín kíákíá. Ìyá Rẹ̀mí kò gbà. Òun ni àgbà àwọn alágbàfọ̀, òun ló kọ́ Dèbórà níṣẹ́. Ó béèrè pé ṣé ẹni tó fọ aṣọ gbogbo ayé ni yóò lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ láìwẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ yín nígbà náà," ni Ọmọ́wùmí wí. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

Ìyá Rẹ̀mí bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. "Ṣé ìdọ̀tí ni Dèbórà, tí màá fi rọ́bà kàn án?"

Àwa mẹ́rin la fẹ́ wẹ òkú náà. Ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, a bọ́ tiwa. Èmi tí mo kọ lẹ́tà ni mo bọ́ kẹ́yìn. A wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú orin, a wọ aṣọ funfun àdúrà rẹ̀ fún un. Àwọn ìyá ìjọ rẹ̀ gbé púpurú wá. A ṣan ọwọ́ nínú abọ́ kan ṣoṣo, a jẹun.

Lọ́jọ́ kẹrin lẹ́yìn èyí, Ìyá Rẹ̀mí kú. Inú run èmi náà; wọ́n fa omi sí mi lára, Ọlọ́run sì dá mi sí.

Mo ní láti kọ ìròyìn sí olú iléeṣẹ́ ẹgbẹ́ wa. Mo kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì kú nítorí pé wọ́n fi ọwọ́ lásán ṣiṣẹ́ ìjọba. Bàbá Súlè ní kí n kà á sí òun létí. Nígbà tí mo parí, ó béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ní bí a bá sọ ìyókù, wọn yóò ní àwa la fọwọ́ ara wa pa ara wa. Ó ní Ọlọ́run gbọ́.

Ìròyìn náà ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé ọ̀gá lọ síbòmíràn. Ìbọ̀wọ́, bàtà rọ́bà àti oògùn apakòkòrò kò tún wọ́n wa mọ́. Èrè ìjà wa nìyẹn, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé mo fi ìyókù pamọ́, kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn tó wọlé lẹ́yìn wa pé òkú ẹni tí a fẹ́ràn náà lè pani. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe irú àṣìṣe wa láti ìgbà náà, ìpín mi wà níbẹ̀.

Rẹ̀mí ti di nọ́ọ̀sì, ó tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Látìgbà èwe rẹ̀ ló ti mọ̀ pé ọ́fíìsì ló pa ìyá òun. Lóṣù tó kọjá, mo lọ sọ òótọ́ fún un nínú ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ẹ̀yin náà bọ́ tiyín, Mà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló dé tí ẹ̀yin ò kú?"

Òwúrọ̀ kan kì í mọ́ tí n kì í dúpẹ́ ẹ̀mí mi lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ òótọ́ náà sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó wo ọwọ́ mi títí.

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí," ló wí.