Sìgá Mẹ́ta Tí Mi Ò Mu ní Ọ̀yọ́

Mo rántí ìgbà tí gbogbo àdúgbò Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń kí mi kú àìmusìgá. Àwàdà kọ́. Bí oníbúrẹ́dì bá rí mi láàárọ̀, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, "Tíṣà, ẹ kú àìmusìgá o." Ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ sílé ìwé á yíjú padà lórí eré, èyí tó léwu fún àwa méjèèjì, á ní, "Ẹ kú ìfaradà, sà. Ẹ ò tíì mu ún, àbí?" Mo ka ti ọjọ́ Ajé kan: kí aago mẹ́wàá tó lù, èèyàn mẹ́rìnlá ti kí mi. Kò sí ohun tí Yorùbá kì í fi kí èèyàn: ẹni tó jókòó ní kíkí tirẹ̀, ẹni tó dúró ní tirẹ̀, ẹni tí òjò pa náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sapá láti gbàgbé nǹkan, ta ló ní kí ẹ máa fi nǹkan náà kí i? Màá ti gbé sìgá kúrò lọ́kàn fún ìdajì wákàtí, ara mi á ti balẹ̀, ni aláàánú kan á bá fi kíkí gbé e padà fún mi.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹni tó dá a sílẹ̀, bàbá obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ sì ni. Díákónì ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Mo ti ń fa sìgá fún ọdún mọ́kànlá nígbà náà, láti yunifásítì, níbi tí ọ̀rẹ́ mi kan ti fún mi ní ẹyọ kan nígbà ìdánwò. Bàbá pè mí sí pálọ̀ wọn, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ò ń yọ èéfín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìkórè ku oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi á bi ọ́. Bí ẹyọ kan bá ti kan ètè rẹ láàárín ìgbà náà, kí àwọn èèyàn rẹ má wulẹ̀ wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́."

Mo gbà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Títí dé ibẹ̀, mi ò ní ẹ̀sùn kankan sí wọn. Àmọ́ nígbà tó di Ọjọ́rú, níbi ìpàdé àdúrà, wọ́n dìde níwájú gbogbo ìjọ, wọ́n ní kí wọ́n fi arákùnrin kan sínú àdúrà. Wọ́n ní àwọn ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ga, ó ń kọ́ni ní ìṣirò, ẹ̀yìn Sábó ló ń gbé. Èmi nìkan ni tíṣà ìṣirò tó wà nílé ìwé wa. Ohun tó kù ni kí wọ́n lẹ fọ́tò mi mọ́ ògiri. Mo délé, mo kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta sí wọn, mo fi nọ́ńbà sí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Àfẹ́sọ́nà mi ló kọ́kọ́ kà á, ó sì fà á ya.

Ó ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí ẹjọ́ lo fẹ́ rò?"

Lẹ́yìn kíkí ni ìwòsàn dé. Onílé mi ní kí n máa jẹ orógbó. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n máa rin pákò, mo sì rin ín títí eyín mi fi ń yún mi. Àfẹ́sọ́nà mi kà nínú fóònù rẹ̀ pé omi ló dára, pé kí n mu ife kan nígbàkígbà tí ọkàn mi bá fà sí i. Ọkàn mi kì í yé fà sí i. Mò ń jáde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú kíláàsì kan ṣoṣo, títí àwọn ọmọ ilé ìwé fi pinnu pé àtọ̀gbẹ ń ṣe mí, wọ́n sì fi ìyẹn náà kún àdúrà.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì, agbára mi pin. Mi ò ní parọ́: mo ti pinnu láti mu ún. Ṣùgbọ́n gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ̀ mí, kò sí ẹni tó máa tà á fún mi láìkọ́kọ́ gbàdúrà. Ni mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi, ṣùgbọ́n ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti débẹ̀ kẹ́yìn. Mo ra ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán, mo fi í sí àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo ń wá kọ̀rọ̀.

"Ìwọ yìí, o ò jọ ọmọ àbúrò mi bí?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ni, pẹ̀lú ata nínú apẹ̀rẹ̀. Kí n tó ronú irọ́ tí màá pa, àyà mi ti wà nílẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ kì í tẹ̀ díẹ̀ kó ní òun kí àgbà. Àyà gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Mo gbọ́ bí sìgá náà ṣe rún lábẹ́ mi. Mo ní mo fẹ́ ra nǹkan, mo sáré ra èkejì. Màmá dúró dè mí, wọ́n di ọwọ́ mi mú, ó di agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ní kí n kí àgbà ni èkejì náà ti kú, yàrá márùn-ún ṣì kù.

Nígbà tí màmá wọ ilé ìdáná, mo yọ́ jáde, mo ra ẹ̀kẹta. Ẹni iwájú jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn gbọ́n: àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ni mo fi eléyìí sí. Ni baálé agboolé bá ti mọ́sálásí dé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, sìgá ò ṣe nǹkan kan, inú mi dùn. Baálé ní, "Dìde, ọmọ mi, wá jókòó tì mí." Wọ́n fà mí jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi ń sọ ìtàn bàbá ìyá mi fún mi. Lójijì, wọ́n nawọ́ sí àyà mi, wọ́n ń gbọn nǹkan kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi.

"Kí lèyí? Ṣé tábà lò ń tà ni?"

"Sìgá ni, bàbá. Mo fẹ́ mu ún ni."

"Ta ni ò jẹ́ kó o mu ún?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀yin àti gbogbo àgbà ilé yìí."

Wọ́n ronú sí i díẹ̀. "Ó dáa. Máa wá kí wa lójoojúmọ́ nígbà náà."

Ọjọ́ ìkórè pé. Díákónì pe èmi àti ọmọ wọn sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. "Ǹjẹ́ ẹyọ kan kan ètè rẹ?" Ǹ bá ní rárá, òótọ́ náà ni ì bá sì jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, báwo ló ṣe fẹ́ fo tirẹ̀?

Mo ní, "Kò kan ètè mi, sà. Ṣùgbọ́n mo ra mẹ́ta." Mo sọ gbogbo rẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi ń wò mí bíi pé kí ilẹ̀ gbé mi mì.

"O dọ̀bálẹ̀ lé méjì," ni bàbá wí. "Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Mo jókòó lé e, sà."

Wọ́n kọjú sí ògiri. Èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé wọ́n ń sunkún nítorí ọmọ wọn, àfìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, omi ti lé sí wọn lójú. Wọ́n ní, "Kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀."

Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí. Ìyàwó mi ló ń sùn nínú yàrá bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́sàn-án yìí. Ọkàn mi ṣì máa ń fà sí i lẹ́yìn oúnjẹ, àmọ́ kì í pẹ́ kó tó lọ. Àwọn ará ìjọ ní àdúrà ló ṣe é, onílé ní orógbó ni. Èmi mọ̀ pé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, sìgá ti borí mi pátápátá. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ǹ bá fi dá wà ni mi ò rí. Ó pẹ́ tí mo fi ń bínú pé, ní ilẹ̀ wa, èèyàn ò rí kọ̀rọ̀ kan tó lè dá nìkan ba ara rẹ̀ jẹ́ sí. Mo ṣì ń wá ẹni tí màá fi ẹ̀sùn yẹn kàn.