Ẹni Tó Ti Mánéjà Lẹ́yìn

Rárá o, kò bá mánéjà jà. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló kàn lọ dúró sí. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó fún un lọ́rùn, irọ́ ló pa.

Bàbá ọkọ mi ni mò ń wí, aránbàtà, ẹni tó máa ń tún bàtà tó bá rán ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ títí bàtà ọ̀hún á fi sú ẹni tó ni ín. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí fóònù ẹ̀ pé ọdún méje ni iléeṣẹ́ á fi máa fi àtúnṣe tuntun ránṣẹ́ sínú ẹ̀. Kò tíì pé ọdún márùn-ún tí àtúnṣe ò wá mọ́, tí ìpè tí wọ́n fi ń rí ojú ara wọn ò sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ mọ́. Bó ṣe di pé kò lè rí ojú ọmọ ẹ̀ obìnrin lórí fóònù mọ́ nìyẹn, ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn, tí ìkúnlẹ̀ ẹ̀ sì ti sún mọ́lé.

Ó gbé páálí, ó di ṣọ́ọ̀bù iléeṣẹ́ fóònù ọ̀hún.

Mánéjà ní, "Bàbá, àtìlẹ́yìn ti parí lórí irú fóònù yìí. Ẹ ra tuntun."

"Àtìlẹ́yìn? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ti èèyàn lẹ́yìn nìyẹn?"

Ló bá yí káńtà ká, ó lọ dúró sẹ́yìn mánéjà. Mánéjà jókòó, Bàbá di àga mú. Mánéjà lọ tọ̀, ó ṣílẹ̀kùn, Bàbá ní, "Ẹ rọra, mo wà níbí."

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe gan-an?"

"Mò ń tì yín lẹ́yìn ni. Èmi ò sì ní í yà lọ́dún karùn-ún."

Àwọn oníbàárà tó ní irú fóònù yẹn bá tò sẹ́yìn Bàbá, ìlà fi dé títì. Ibẹ̀ ni Bàbá ti rí i pé gìgísẹ̀ bàtà mánéjà ti ń ṣí. "Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè." Ó lẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mánéjà wo bàtà, ó wo ìlà, ó pe olú iléeṣẹ́.

Àtúnṣe dé, ti gbogbo wa pátá. Ọmọ tuntun ni Bàbá kọ́kọ́ rí.

Ìyá ọmọ ní, "Ẹ wo imú ẹ̀, Bàbá, tiyín ni."

"Ìyẹn ò nílò àtúnṣe."

Bàbá ti lọ báyìí. Ọwọ́ màmá ọkọ mi ni fóònù wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dún: àtúnṣe tuntun. Màmá rẹ́rìn-ín, ó fi etí aṣọ nu ojú ẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹ ẹ̀ rí ọmọ mi yìí? Látìgbà tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn mi ló dúró sí. Ó ní òun ń tì mí lẹ́yìn.

Màmá ti ń pè láti ilé ìdáná: "Alátìlẹ́yìn, wá jẹun kó má tutù."